Agbẹjọ́rò Tí Ó Gba Ẹjọ́ Ìlú Rẹ̀ Rò

Ọmọ ilẹ̀ Skọ́tílándì ni Henry Cockburn. A bí i ní ọdún 1779, ó sì di agbẹjọ́rò ní ìlú Edinburgh ní 1800.

Ní ọjọ́ 24 oṣù December, 1828, ẹjọ́ kan dé tí ó mi gbogbo ìlú náà tìtì. William Burke àti William Hare ti pa ènìyàn 16, wọ́n sì ń ta òkú wọn fún Dókítà Robert Knox, ẹni tí ń fi òkú kọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ìṣègùn. Hare di ẹlẹ́rìí ìjọba, ó sì bọ́. Cockburn ni ó gba ẹjọ́ Helen McDougal rò, obìnrin tí ń bá Burke gbé bí ìyàwó. Ẹni tí ọjà ti dá lẹ́bi tán ni ó ń fẹ́ agbẹjọ́rò jù lọ, bẹ́ẹ̀ ni kì í rọrùn fún un láti rí ọ̀kan. Wọ́n ro ẹjọ́ náà mọ́jú Kérésìmesì. A dá Burke lẹ́bi, a sì so ó kọ́ ní January 1829. Ṣùgbọ́n ní ti McDougal, àwọn júrì ní a kò fi ìdí ẹ̀sùn náà múlẹ̀. Èyí ni ìdájọ́ kẹta tí òfin Skọ́tílándì ní nígbà náà, tí kì í ṣe ẹ̀bi, tí kì í sì í ṣe àre.

Ní 1834 Cockburn di adájọ́. Síbẹ̀ kò dákẹ́ nípa ìlú rẹ̀. Ní 1848, a wó ilé ìsìn Trinity College lulẹ̀ kí ibùdó ọkọ̀ ojú irin lè ráyè; Ayaba Mary ti Gueldres, opó Ọba James Kejì, ni ó dá a sílẹ̀ ní nǹkan bí ọdún 1460. Wọ́n kọ nọ́ńbà sí ara àwọn òkúta rẹ̀, wọ́n ní àwọn yóò tún un tò. Orí òkè Calton ni òkúta wà fún ogún ọdún àti jù bẹ́ẹ̀ lọ, tí àwọn ènìyàn ń jí wọn kó. Nígbà tí a óò fi tún un kọ́, apá kan péré ni ó ṣeé tò.

Ní 1849, Cockburn kọ lẹ́tà gbangba sí olórí ìgbìmọ̀ ìlú, ó sì pe àkọlé rẹ̀ ní ọ̀nà tí ó dára jù láti ba ẹwà Edinburgh jẹ́. Ìbáwí ni ó fi ẹ̀rín bò bẹ́ẹ̀.

Ó kú ní 1854. Kò pẹ́ tí wọ́n fi la òpópónà kan lọ sí ibùdó ọkọ̀ ojú irin, ó gba àárín àwọn ọ̀nà tóóró àtijọ́ kọjá, wọ́n sì sọ ọ́ ní Cockburn Street! Bí ó bá wà láàyè ni, a rò pé yóò tún kọ lẹ́tà mìíràn. Ṣùgbọ́n ní 1875, àwọn ará ìlú dá ẹgbẹ́ Cockburn Association sílẹ̀ ní orúkọ rẹ̀. Ẹgbẹ́ náà ṣì ń ṣọ́ ilé àti ilẹ̀ Edinburgh títí di òní.