Lẹ́ńsì Kékeré Lára Kámẹ́rà Ńlá

Ọ̀rọ̀ òní kan àwọn ayàwòrán, ó sì kan ẹnikẹ́ni tí ń sanwó àwòrán.

Ọ̀pọ̀ ayàwòrán ni ó fi kámẹ́rà kékeré bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Bí ọwọ́ wọn bá tẹ owó, wọn a ra ńlá. Owó ti tán, lẹ́ńsì ti àtẹ̀yìnwá sì wà nílẹ̀. Ǹjẹ́ wọ́n lè máa lò ó lọ bẹ́ẹ̀?

Kì í ṣe ara kámẹ́rà ni mo pè ní ńlá tàbí kékeré o. Ohun pẹlẹbẹ kan wà nínú rẹ̀ tí ń gba ìmọ́lẹ̀, tí à ń pè ní sẹ́ńsọ̀. Òun ni ó rọ́pò fíìmù. Sẹ́ńsọ̀ ńlá fẹ̀ tó ojú fíìmù àtijọ́ kan: mílímítà 36 ní ìbú, 24 ní òró. Ti kékeré, bí Nikon ti ń ṣe é, jẹ́ nǹkan bí 24 sí 16.

Ẹ̀yin ọmọ ilé ẹ̀kọ́, ẹ tan tọ́ọ̀ṣì sí ara ògiri lóru. Ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ yóò rí róbótó. Ẹ lẹ ìwé kékeré mọ́ ibẹ̀: ìmọ́lẹ̀ yóò kárí rẹ̀. Ẹ wá lẹ ìwé ńlá mọ́ ọn: àárín rẹ̀ yóò mọ́, ṣùgbọ́n igun rẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin yóò ṣókùnkùn. Bẹ́ẹ̀ gan-an ni lẹ́ńsì ń ṣe. Ìwọ̀n eku ni ìwọ̀n ìtẹ́: kí lẹ́ńsì kékeré lè fúyẹ́, kí owó rẹ̀ sì mọ níwọ̀n, ìmọ́lẹ̀ tí yóò kárí sẹ́ńsọ̀ kékeré ni wọ́n ṣe é fún.

Nítorí náà, bí a bá fi lẹ́ńsì kékeré ti Nikon sí kámẹ́rà ńlá rẹ̀, kámẹ́rà náà yóò dá a mọ̀, àárín sẹ́ńsọ̀ nìkan ni yóò sì lò. Igun kò ní ṣókùnkùn, ṣùgbọ́n àwòrán ti dín kù. Ẹ wo Nikon D750 tí ó jáde ní 2014. Àwòrán rẹ̀ ní àmì tíntìntín bíi mílíọ̀nù 24. Pẹ̀lú lẹ́ńsì kékeré, bíi mílíọ̀nù 10 ni ó kù. Bí a bá tẹ àmì 300 sí íńṣì kan, àwòrán tí ìbá fẹ̀ tó íńṣì 20 sí 13 yóò di nǹkan bí 13 sí 9. Èyí tó fún álíbọ́ọ̀mù. Ṣùgbọ́n bí ìyàwó bá fẹ́ àwòrán gàgàrà tí yóò gbé kọ́ sí pálọ̀, ibẹ̀ ni ẹjọ́ wà.

Ti Canon yàtọ̀. Lẹ́ńsì EF-S, tí ó jáde ní 2003, kò wọ ara kámẹ́rà ńlá wọn tí ó ní dígí nínú, nítorí pé ẹ̀yìn rẹ̀ súnmọ́ dígí náà jù. Ẹ má ṣe fi agbára tì í o. Dígí lè fọ́.

Ìmọ̀ràn mi rèé. Ẹ má ta lẹ́ńsì àtijọ́ dànù. Ẹ máa fi ya àwòrán kékeré. Ṣùgbọ́n kí ẹ tó gba owó àwòrán ńlá lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni, ẹ wá ẹyọ lẹ́ńsì kan tí a ṣe fún sẹ́ńsọ̀ ńlá. Oní-mílímítà 50 sábà máa ń wà lára àwọn tí owó wọn kò ga jù. Ẹni tí ń ra kámẹ́rà, kí ó ka owó lẹ́ńsì mọ́ ọn láti ìbẹ̀rẹ̀.

Ó dìgbà kan ná.