Orí Tó Kọ Apẹ̀rẹ̀

Ẹ koná yẹn kó ràn dáadáa, kí ẹ sì sún mọ́ mi. Ìtàn alẹ́ òní kì í ṣe ti ìjàpá. Ti àwọn akọ̀pẹ ni, àmọ́ kì í ṣe akọ̀pẹ ilẹ̀ wa. Ní ìsàlẹ̀ pátápátá ilẹ̀ Íńdíà, níbi tí ilẹ̀ ti fẹ́rẹ̀ẹ́ tán kó tó kan òkun, ni àwọn Tamil wà. Àárín wọn ni ìran kan tó ń jẹ́ Nadar ti ṣẹ̀.

Wọ́n ní àwọn wúńdíá ọ̀run ló bí ọmọkùnrin méje, tí òrìṣà obìnrin tó ń jẹ́ Bhadrakali sì gbà wọ́n tọ́. Àwọn ọmọ dàgbà. Lọ́jọ́ kan, odò Vaigai kún àkúnya, ó fẹ́ gbé ìlú Madurai lọ. Ọba ní kí tọmọdé tàgbà máa ru yẹ̀pẹ̀ nínú apẹ̀rẹ̀ wá dí odò náà. Àwọn ọmọ méje ní àwọn ò ru. Ṣé orí tí a bí fún adé ló yẹ kó ru apẹ̀rẹ̀? Inú bí ọba. Ó ní kí wọ́n ri ọ̀kan nínú wọn mọ́lẹ̀ dé ọrùn, kí erin gbá orí rẹ̀ já. Erin gbá a. Orí bọ́ sómi, ó ń léfòó lọ, ó sì ń ké pé òun ò ní fara kan apẹ̀rẹ̀ láéláé! Wọ́n pa ìkejì, àwọn tó kù ò yẹhùn. Ẹ̀rù wá ba ọba, ó ní kí àwọn márùn-ún yòókù máa lọ. Àwọn Nadar ní ọmọ àwọn márùn-ún yẹn làwọn.

Ìwọ tó ń rẹ́rìn-ín lẹ́yìn yẹn, èmi náà mọ̀ pé orí tó ti já kì í sọ̀rọ̀. Àmọ́ bi mí léèrè irú ẹni tó máa ń nílò irú ìtàn bẹ́ẹ̀.

Ọ̀pẹ tí wọ́n ń gùn lọ́hùn-ún, ìbátan àgbọn olídù wa ni. Akọ̀pẹ tiwa á fi igbà gbá ara rẹ̀ mọ́gi. Tiwọn á fi okùn kúkurú so ọrùn ẹsẹ̀ méjèèjì pọ̀, á fapá gbá igi mọ́ra, á wá máa fò gòkè. Tí àsìkò bá dé, ẹnì kan lè gun igi 30 sí 40, lẹ́ẹ̀mejì lójúmọ́. Bí wọ́n bá fi ẹfun ra inú ìkòkò, oje igi náà kò ní kan, àwọn obìnrin á sè é di ṣúgà dúdú. Bí wọn ò bá fi ẹfun sí i, ó di ẹmu. Ẹmu yìí ló kó bá wọn, nítorí àwọn ìran tó wà lókè ka ẹni tó ń dá a sí ẹlẹ́gbin.

Ní ìjọba Travancore láyé àtijọ́, akọ̀pẹ gbọ́dọ̀ jìnnà sí àlùfáà Namboodiri ní ìṣísẹ̀ 36. Kò gbọ́dọ̀ ṣí agbòòrùn, kò gbọ́dọ̀ wọ bàtà, kò gbọ́dọ̀ kọ́ ilé alájà. Ìyàwó rẹ̀ kò sì gbọ́dọ̀ bo àyà. Ẹ gbọ́ mi yé o: ìhòòhò àyà ni wọ́n kà sí ọ̀wọ̀ níwájú ẹni tó juni lọ. Nígbà tí àwọn obìnrin kan gba ẹ̀sìn Kírísítì, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í wọ bùbá. Ìjà dé. Àwọn ìran òkè ń fa aṣọ ya lára wọn lọ́jà, wọ́n ń dáná sun ṣọ́ọ̀ṣì àti ilé-ìwé. Láti bí 1813 ni wọ́n ti ń fa ọ̀rọ̀ yìí, ó di 26 oṣù Keje 1859 kí ọba tó ní kí wọ́n máa bo àyà. Síbẹ̀ ó fi gbólóhùn kan sí i: wọn ò gbọ́dọ̀ bò ó bíi ti àwọn obìnrin ìran òkè. Ẹ rí ọba tó ń wọn aṣọ lára obìnrin!

Láàárín ìjà yẹn ni olórí ẹ̀sìn kan tó ń jẹ́ Ayya Vaikundar dìde ní Swamithope. Ó ní kí ọkùnrin wé láwàní bí ọba kó tó jọ́sìn, kó sì dojú kọ dígí. Wọ́n jù ú sẹ́wọ̀n, àmọ́ àwọn tó ń tẹ̀ lé e kò tú láwàní.

Àwọn Nadar tó gba ọ̀nà àríwá lọ ṣòwò ní tiwọn kò bá ẹnikẹ́ni jà lákọ̀ọ́kọ́. Nílùú mẹ́fà, títí kan Sivakasi àti Virudhunagar, oníṣòwò kọ̀ọ̀kan ń yọ owó díẹ̀ sínú àpò kan tí wọ́n ń pè ní mahimai. Owó yẹn ni wọ́n fi gbẹ́ kànga, òun ni wọ́n sì fi dá ilé-ìwé sílẹ̀ ní Aruppukottai ní 1885. Nígbà tí owó dé, wọ́n ní àwọn fẹ́ wọ tẹ́ńpìlì tí wọn kì í jẹ́ kí àwọn wọ̀ tẹ́lẹ̀. Àwọn kan wọ èyí tó wà ní Kamudi ní 1897, ọba Ramnad sì pè wọ́n lẹ́jọ́. Ní 1899, ẹgbẹẹgbẹ̀rún àwọn alátakò wọn ya bo Sivakasi, wọ́n pààyàn, wọ́n dáná sunlé. Ẹjọ́ tẹ́ńpìlì Kamudi dé Lọ́ńdọ̀nù, àwọn Nadar sì jẹ̀bi ní 1908.

Ibì kan kò dùn mọ́ mi nínú ẹjọ́ yẹn. Àwọn Nadar ò sọ pé kí wọ́n ṣílẹ̀kùn fún gbogbo ayé. Ohun tí wọ́n wí ni pé ọmọ ọba làwọn, pé àwọn kì í ṣe ẹgbẹ́ àwọn tó wà nísàlẹ̀ àwọn. Ẹni tí wọ́n tì sí ìta tún ń ti ẹlòmíì.

Ṣùgbọ́n Virudhunagar yẹn ni wọ́n ti bí ọmọ Nadar kan, Kamaraj, ní 1903. Òṣì lé e kúrò nílé-ìwé kékeré. Ó di olórí ìjọba Madras ní 1954, ó sì ní kí wọ́n máa fún àwọn ọmọ aláìní lóúnjẹ ọ̀sán nílé-ìwé, láìbéèrè ìran ẹnikẹ́ni.

Ẹ wá wò ó: ìran tó lọ bá adájọ́ pé ọba ló bí àwọn, ìran tó dá báńkì tirẹ̀ sílẹ̀ ní 1921, orúkọ wọn ṣì wà nínú ìwé ìjọba Tamil Nadu lára àwọn ìran tó rẹ̀yìn, kí àwọn ọmọ wọn lè rí àyè nílé-ìwé gíga àti nínú iṣẹ́ ọba. Wọn ò sì sọ pé kí wọ́n yọ ọ́.