Ìyapa Òṣèlú àti Ẹnu Òṣèré: Ọ̀ràn Eré Yorùbá Ronú

Ẹni tí ó bá fẹ́ mọ bí ìyapa òṣèlú ti í gba ọ̀rọ̀ lẹ́nu ọmọ ènìyàn, kí ó wo ohun tí ojú Hubert Ògúǹdé rí ní Ìwọ̀-Oòrùn Nàìjíríà ní ọdún 1964.

Ìjà ti wà nílẹ̀ kí eré tó dé. Ní oṣù Karùn-ún, ọdún 1962, àwọn aṣòfin ju àga lu ara wọn ní Ìbàdàn. Ní 1963 Awólọ́wọ̀, olórí Ẹgbẹ́ Ọlọ́pẹ, wọ ẹ̀wọ̀n. Akíntọ́lá, igbákejì rẹ̀ tẹ́lẹ̀ nínú ẹgbẹ́, sì ni Olórí Ìjọba. Láti ìgbà náà, bí ẹnìkan bá la ẹnu, ohun àkọ́kọ́ tí a ń bèèrè ni pé, ọmọ Ọlọ́pẹ ni tàbí ọmọ Dẹ́mọ̀?

Ọba kan ni ó wà nínú Yorùbá Ronú, igbákejì rẹ̀ sì dà á fún ọ̀tá. Irú ìtàn bẹ́ẹ̀ kò ṣàjèjì nínú àlọ́ àwọn àgbà. Ṣùgbọ́n àwọn òǹwòran ti pín sí méjì kí eré tó bẹ̀rẹ̀: ohun tí apá kan gbà bí ìkìlọ̀, èébú ni lójú apá kejì. Ìjọba fi òfin de Ògúǹdé àti àwọn òṣèré rẹ̀ pé wọn kò gbọdọ̀ ṣeré mọ́ níbikíbi ní Ìwọ̀-Oòrùn.

Kí a kíyè sí i pé kì í ṣe eré kan ṣoṣo ni a dè. Òṣèré alárìnkiri ni wọ́n; owó ìwọlé láti ìlú dé ìlú ni oúnjẹ wọn. Ìjọba òyìnbó pàápàá ti fòfin de eré Ògúǹdé rí, ní Jọ́s ní 1946. Ṣùgbọ́n ìjọba ọmọ Yorùbá ni ó wá ti ilẹ̀kùn ilé mọ́ ọn. Èkó kò sí lábẹ́ òfin náà, nítorí pé ti ìjọba àpapọ̀ ni. Ògúǹdé kò dákẹ́: ó fi eré mìíràn, Òtítọ́ Korò, fèsì.

Lójú tèmi, àwọn òǹwòran ni ìpalára náà dùn jù. Gbọ̀ngàn eré wà lára ibi díẹ̀ tí tọ̀tún-tòsì ṣì lè jókòó gbọ́ ohun kan náà, bí inú tilẹ̀ bí wọn jáde. Lẹ́yìn ìbò oṣù Kẹwàá, ọdún 1965, bẹntiróòlù ni wọ́n fi ń dá ara wọn lóhùn. Ilé ń jó, ènìyàn ń jó. Òfin náà kò kúrò títí di 1966, nígbà tí àwọn ológun ti gba ìjọba, tí wọ́n sì ti pa Akíntọ́lá. Fájuyì, gómìnà ológun, ni ó fagi lé e.