Òǹdè Tí Ó Kọ́ Ajíyìnrere Lédè

Ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ ẹlẹgbẹ́ mi, gbogbo wa ni a ti kà á pé nítorí ẹ̀sìn ni àwọn Pùrítánì fi kúrò ní Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì lọ sí Amẹ́ríkà, kí wọ́n lè sin Ọlọ́run bí ọkàn wọn ti fẹ́. Ṣùgbọ́n ilẹ̀ tí wọ́n dé kì í ṣe ilẹ̀ òfìfo. Àwọn onílẹ̀ wà níbẹ̀, àwọn tí òyìnbó ń pè ní Índíánì. Báwo ni àwọn tí ó sá fún ìnilára ṣe wá di ẹni tí ń ni ẹlòmíràn lára?

Ní 1637, àwọn òyìnbó Massachusetts àti ti Connecticut ṣẹ́gun ẹ̀yà Pequot. Wọ́n pín àwọn òǹdè kan sí ilé wọn bí ìránṣẹ́, wọ́n sì fi ọkọ̀ Desire kó àwọn mìíràn lọ tà ní erékùṣù òkun Caribbean. Ní 1638 ọkọ̀ náà padà dé pẹ̀lú òwú, tábà, àti àwọn ènìyàn dúdú tí a ti sọ di ẹrú. Òfin Massachusetts ti 1641 ní kí ẹnikẹ́ni má ṣe di ẹrú, àfi ẹni tí a bá mú nínú ogun tí ó tọ́, àti àlejò tí ó bá ta ara rẹ̀ tàbí tí a bá tà fún wọn. Ohun tí òfin fi ọwọ́ kan kọ̀, ó fi ọwọ́ kejì gbà.

Ọ̀kan nínú àwọn òǹdè ogun náà ni Cockenoe, ọmọ Long Island, tí ó ń ṣe ìránṣẹ́ nílé òyìnbó kan ní Dorchester. Òun ni ó kọ́ àlùfáà John Eliot ní èdè àwọn onílẹ̀. Ní 1646 Eliot bẹ̀rẹ̀ sí wàásù ní èdè náà. Ní 1651 a tẹ ìlú Natick dó fún àwọn onígbàgbọ́. Nígbà tí ó fi di 1674, irú ìlú bẹ́ẹ̀ ti pé 14. Ní 1663 odindi Bíbélì jáde ní èdè wọn, èyí tí í ṣe Bíbélì àkọ́kọ́ tí a tẹ̀ ní Amẹ́ríkà. Wowaus, ọmọ onílẹ̀ tí a ń pè ní James Printer, wà lára àwọn tí ó tẹ̀ ẹ́. Ṣùgbọ́n àwọn ará Natick ní láti gé irun wọn, kí wọ́n sì fi ọ̀pọ̀ àṣà baba wọn sílẹ̀.

Ní 1675 ogun Metacom, tí òyìnbó ń pè ní Ọba Philip, bẹ́ sílẹ̀. Àwọn òyìnbó kò gbẹ́kẹ̀lé àwọn onígbàgbọ́ onílẹ̀ mọ́. Wọ́n kó àwọn ará Natick lọ sí erékùṣù Deer, níbi tí òtútù àti ebi ti pa ọ̀pọ̀lọpọ̀ nínú àwọn tí a há mọ́ ibẹ̀. Eliot kọ̀wé sí ìjọba pé títa àwọn òǹdè sí oko ẹrú lòdì sí iṣẹ́ Kristi. Wọn kò gbà á gbọ́. Lẹ́yìn tí a pa Metacom ní 1676, àwọn àlùfáà yẹ inú Bíbélì wò láti mọ̀ bóyá ó tọ́ kí a pa ọmọkùnrin rẹ̀ kékeré. Nígbẹ̀yìn, a tà á lẹ́rú.

Bẹ́ẹ̀ náà ni ó rí ní Virginia. Àwọn olóko ń bẹ̀rù pé bí ẹrú bá ṣe ìrìbọmi, yóò di òmìnira. Ní 1667 ìgbìmọ̀ wọn ṣòfin pé ìrìbọmi kò tú ẹrú sílẹ̀. Láti ìgbà náà, ènìyàn lè jẹ́ arákùnrin ní ìjọ, kí ó sì jẹ́ ẹrù títà lọ́jà.

Èdè inú Bíbélì Eliot dákẹ́ lẹ́nu àwọn ọmọ rẹ̀ fún ìgbà pípẹ́. Ṣùgbọ́n láti 1993 ni àwọn ará Wampanoag ti bẹ̀rẹ̀ sí jí i dìde, Bíbélì náà sì wà lára ìwé tí wọ́n fi ń kọ́ ọ. Nítorí náà, kí àwa tí a ó di olùkọ́ má ṣe rántí orúkọ Eliot nìkan. Ẹ jẹ́ kí a rántí Cockenoe pẹ̀lú, òǹdè tí ó kọ́ olùkọ́.