Ohùn Gìtá Nínú Ilé: Ibo Ni Ká Gbé Makirofóònù Sí?

Nígbà tí I. K. Dáíró, tí ìdílé rẹ̀ ti Ìjẹ̀bú-Jẹ̀ṣà wá, dá ẹgbẹ́ olórin rẹ̀ sílẹ̀ ní ọdún 1957, ilé iṣẹ́ tó ń ṣe àwo ló ń bá olórin gba orin sílẹ̀. Lónìí, ní Ìbòkun tí kò jìnnà sí ìlú náà, ọ̀dọ́ tó ń ta gìtá fún ẹgbẹ́ akọrin lè fi kọ̀ǹpútà gba orin tirẹ̀ nínú yàrá. Àmọ́ lọ́pọ̀ ìgbà, gìtá tó dún bí agogo létí rẹ̀ á wá dún bí ẹni tó ń sọ̀rọ̀ nínú ìkòkò nígbà tó bá tún un gbọ́. Kí ló fà á?

Ọ̀pọ̀ máa ń dá makirofóònù lẹ́bi, wọ́n á sì máa tọ́jú owó kí wọ́n lè ra èyí tó wọ́n jù bẹ́ẹ̀ lọ. Lójú tiwa, ibi tí wọ́n gbé e sí ló yẹ kí wọ́n kọ́kọ́ yẹ̀ wò.

Páálí inú sípíkà rí bí àrọ. Àárín rẹ̀ gan-an ni ohùn tó mú jù lọ ti ń jáde. Bí a bá ṣe ń lọ sí etí rẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni ohùn náà á máa rọ̀, tí á sì máa ki. Bí makirofóònù bá dojú kọ àárín, gìtá lè máa gún ni létí. Ẹ sún un tó ìbú ìka méjì sí ẹ̀gbẹ́, ẹ ó sì gbọ́ ìyàtọ̀. Bí aṣọ iwájú ampilifáyà kò bá jẹ́ kí ẹ rí àárín náà, ẹ tan tọ́ọ̀ṣì sí i.

Bí makirofóònù bá sún mọ́ aṣọ náà tó sẹ̀ǹtímítà 2 tàbí 3, ohùn ìsàlẹ̀ á pọ̀ sí i. Bí ẹ bá fà á sẹ́yìn tó sẹ̀ǹtímítà 30, á gba ohùn yàrá mọ́ ti gìtá. Ìyẹn lè dùn nínú gbọ̀ngàn ńlá, àmọ́ nínú yàrá kékeré onísìmẹ́ǹtì, ńṣe ni á dà bíi pé inú àmù ni gìtá wà. Nítorí náà, ẹ sún mọ́ ọn. Ìyẹn á tún jẹ́ kí ohùn gìtá borí jẹnẹrétọ̀ aládùúgbò. (Bí òjò bá ń rọ̀ sórí páànù, ẹ dá iṣẹ́ dúró.)

Ní ti irú èyí tí ẹ máa lò, makirofóònù dynamic kò nílò iná, ó sì ń fara da ariwo ampilifáyà. Shure SM57, tó jáde ní ọdún 1965, jẹ́ ọ̀kan lára wọn, àwọn agborinsílẹ̀ ṣì ń lò ó. Ẹ ṣáà ṣọ́ra fún ayédèrú rẹ̀ lọ́jà. Kọndẹ́nsà máa ń gba ohùn tó fẹ́lẹ́ dáadáa, ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ wọn nílò iná vọ́ltì 48, kò sì ní fi ìró fáànù àti igbe ewúrẹ́ sílẹ̀.

Ṣé kí a lo méjì pọ̀? Ohùn máa ń rin nǹkan bíi sẹ̀ǹtímítà 34 láàárín ìdá kan nínú 1,000 ìṣẹ́jú àáyá. Bí ọ̀kan bá wà níwájú tí èkejì sì wà lẹ́yìn, ohùn kì í dé ọ̀dọ̀ wọn lẹ́ẹ̀kan náà, wọ́n sì lè máa pa ara wọn, kí gìtá wá tín-ín-rín. Ẹ kọ́kọ́ mọ ọ̀kan lò.

Ẹ ta orin kan náà sílẹ̀ níbi mẹ́ta, kí ẹ sì gbọ́ ọ pọ̀ mọ́ ohùn akọrin, torí gìtá tó dùn lóun nìkan lè bo ọ̀rọ̀ orin mọ́lẹ̀. Níbi tí ẹ bá ti gbọ́ ọ̀rọ̀ náà ketekete, ẹ fi ṣọ́ọ̀kì sàmì síbi tí ẹsẹ̀ igi makirofóònù dúró, kí ẹ lè gbé e síbẹ̀ lọ́la.