Ọwọ́ Ẹnjiníà, Ọwọ́ Ayàwòrán: Bí Ọkọ̀ Òfurufú Ọdún 1869 Ṣe Di Ìtàn

Ní ọdún 2014, ilé ìtẹ̀wé Rue de Sèvres ní ìlú Paris bẹ̀rẹ̀ sí í gbé ìtàn aláwòrán kan jáde tí wọ́n pè ní Le Château des étoiles. Alex Alice ló kọ ọ́, òun kan náà ló yà á. Ìtàn náà kò kọ́kọ́ jáde bí ìwé. Bí ìwé ìròyìn ló ṣe dé ọjà, lórí bébà fẹ̀rẹ̀gẹ̀dẹ̀, ẹ̀dà mẹ́ta fún apá kọ̀ọ̀kan, tí ìròyìn àhunsọ nípa ọdún 1869 sì wà láàárín àwọn àwòrán. Ẹ̀yìn ìyẹn ni wọ́n tó ń dì í pọ̀ sínú ìwé ẹlẹ́yìn líle. Steampunk ni àwọn òyìnbó ń pe irú ìtàn bẹ́ẹ̀, ìtàn ayé kan tí kò tíì fi ẹ̀rọ olóoru, èyí tí ooru omi híhó ń yí, sílẹ̀, tí wọ́n ń fi idẹ, igi àti awọ kan ọkọ̀ tó ń lọ sí òṣùpá. Ọ̀dà olómi ni Alice fi kùn ún, nígbà tí ọ̀pọ̀ ẹgbẹ́ rẹ̀ ti gbé iṣẹ́ àwọ̀ lé kọ̀ǹpútà lọ́wọ́. Àwọn tó yìn ín sọ pé ó rẹwà, wọ́n fi àwọn ojú ọ̀run inú rẹ̀ wé sinimá aláwòrán ti Miyazaki, ará Japan, wọ́n sì dákẹ́ síbẹ̀. Ẹwà ọ̀hún kò sí ní iyàn, ṣùgbọ́n mo rò pé òun kọ́ ni kókó. Íǹkì àti ọ̀dà olómi ni àwọn tó ṣe ẹ̀rọ olóoru gan-an fi ronú lórí bébà. Ayàwòrán tó bá padà sídìí wọn, ọ̀nà tí ẹ̀rọ náà fúnra rẹ̀ gbà wáyé ló tọ̀, ibẹ̀ sì ni ìgbàgbọ́ tí òǹkàwé ní nínú ìtàn rẹ̀ ti ń wá.

Ìran irú àwòrán yìí ti pẹ́ ju orúkọ rẹ̀ lọ. Ọdún 1987 ni K. W. Jeter, ará Amẹ́ríkà kan tó ń kọ ìtàn àròsọ, dá orúkọ steampunk nínú lẹ́tà kan tó kọ sí ìwé ìròyìn Locus. Nígbà yẹn, ó ti lé ní ọgọ́rùn-ún ọdún tí àwọn ará Faransé ti ń ya nǹkan náà. Jules Verne gbé ìtàn ìrìn àjò láti ayé lọ sí òṣùpá jáde ní 1865, Hetzel tó ń tẹ ìwé rẹ̀ sì háyà àwọn ayàwòrán bí Édouard Riou, Émile Bayard àti Alphonse de Neuville. Wọn a ya àwòrán sórí igi, agbẹ́gilére a fín in, wọn a sì fi íǹkì dúdú tẹ̀ ẹ́. Ayàwòrán Albert Robida wá ní 1883 pẹ̀lú Le Vingtième Siècle, níbi tó ti ya ẹ̀rọ kan sára ògiri pálọ̀ tí ẹbí lè jókòó sí iwájú rẹ̀ kí wọ́n máa wo eré orí ìtàgé àti ìròyìn ogun láti ọ̀nà jíjìn, nígbà tí ẹnikẹ́ni kò tíì mọ ohun tó ń jẹ́ tẹlifíṣọ̀n. Ní 1974, ayàwòrán Jacques Tardi ṣe ìtàn aláwòrán Le Démon des glaces, ó sì mọ̀ọ́mọ̀ ya gbogbo rẹ̀ ní dúdú àti funfun, kí ìlà rẹ̀ lè jọ ìlà tí wọ́n fín sára igi fún ìwé Verne. Tardi ti mọ nígbà náà pé bí èèyàn bá fẹ́ kí ẹ̀rọ àtijọ́ jọ òótọ́, ó ní láti lo irú ọwọ́ tí ayé ìgbà yẹn fi yà á. Alice gba ẹ̀kọ́ kan náà, ṣùgbọ́n kò lọ sí ilé ìtẹ̀wé láti kọ́ ọ.

Àwọn iṣẹ́ tó kọ́kọ́ ṣe ló gbé e débẹ̀. Òun àti Xavier Dorison ló bẹ̀rẹ̀ Le Troisième Testament ní 1997. Lẹ́yìn náà ló yíjú sí Siegfried, ìwé mẹ́ta tó gbé ka eré olórin tí Richard Wagner ṣe. Kò sí ẹni tó máa wọ inú ọ̀rọ̀ Wagner jinlẹ̀ tí kò ní bá Ludwig kejì pàdé, ọba Bavaria tó gorí oyè ní 1864 lọ́mọ ọdún 18, tó sì di olówó tó ń gbọ́ bùkátà olórin náà. Ludwig yìí ni Alice gbé sí àárín ìtàn tuntun. Nínú rẹ̀, obìnrin onímọ̀ kan, Claire Dulac, gun bàlúùnù lọ sókè ní 1868 láti wá ether, ohun tí wọ́n gbà nígbà náà pé ó kún òfurufú, kò sì padà. Ọdún kan lẹ́yìn náà, lẹ́tà kan dé láti Bavaria pé wọ́n rí ìwé àkọsílẹ̀ rẹ̀. Séraphin ọmọ rẹ̀ àti bàbá ọmọ náà kọrí sí ààfin Ludwig, níbi tí ọba ti fẹ́ kan ọkọ̀ tí yóò fi ether rìn lójú ọ̀run, tí àwọn amí Bismarck, olórí ìjọba Prussia, sì ń ṣọ́ wọn kí wọ́n lè gba àṣírí náà fún Prussia.

Ohun tó wú mi lórí jù nínú ìtàn yìí ni bí ohun tí Alice fúnra rẹ̀ dá ṣe kéré tó. Òótọ́ ni pé wọ́n fi òkúta ìpìlẹ̀ ààfin Neuschwanstein lélẹ̀ ní oṣù kẹsàn-án ọdún 1869. Òótọ́ ni pé ẹni tó kọ́kọ́ ya bí yóò ṣe rí kì í ṣe ọ̀gá mọlémọlé, bí kò ṣe Christian Jank, ayàwòrán tó ń kun ẹ̀yìn ìtàgé fún eré. Àwòrán alárànbarà tirẹ̀ ni àwọn kọ́léékọ́lé tẹ̀ lé. Lójú, ilé náà dà bí ilé odi àwọn jagunjagun ayé àtijọ́, ṣùgbọ́n kéréènì olóoru ni wọ́n fi gbé ẹrù lọ sórí òkè, irin ńláńlá ló di gbọ̀ngán ìtẹ́ mú, afẹ́fẹ́ gbígbóná ń gba inú ògiri kọjá láti mú yàrá móoru, omi ẹ̀rọ ń yọ, fóònù sì wà níbẹ̀. Ludwig tún gbèrò láti rìn lójú òfurufú kọjá adágún Alpsee. Nígbà tí àwọn dókítà kọ ìwé ní 1886 pé orí rẹ̀ ti yí kí wọ́n lè yọ ọ́ lóyè, ìfẹ́ rẹ̀ láti fò yìí wà lára ohun tí wọ́n kà sí i lọ́rùn. Ọba tó fẹ́ fò, ààfin tó bẹ̀rẹ̀ láti ọwọ́ ayàwòrán, kéréènì olóoru lábẹ́ ilé ìṣọ́ gogoro: kí ló kù fún ayàwòrán láti fi kún un? Ether nìkan ni. Ether pàápàá kì í ṣe àlá nígbà náà. Àwọn onímọ̀ tó gbọ́n jù ní ọ̀rúndún kọkàndínlógún gbà pé ó kún gbogbo òfurufú, pé òun ni ìmọ́lẹ̀ ń gbà rìn. Bí irọ́ bá lọ lógún ọdún, ọjọ́ kan ni òtítọ́ yóò bá a. Ọdún 1887, nígbà tí àwọn onímọ̀ Michelson àti Morley wọn ìrìn ìmọ́lẹ̀ ní Cleveland tí wọn kò rí àmì ether kankan, ni òtítọ́ bẹ̀rẹ̀ sí í bá tirẹ̀. Ní 1869, ọmọ tó bá ní òun fẹ́ wa ọkọ̀ ether kì í ṣe ọmọ tó ń lálàá lásán. Ibí ni ìwà Séraphin ti ń rí ẹsẹ̀ walẹ̀. Ìmọ̀ àkókò rẹ̀ ló gbà gbọ́. Gíláàsì aláwọ àti fìlà oníkẹ̀kẹ́ idẹ, tí ọ̀pọ̀ ayàwòrán steampunk máa ń fi wọ èèyàn wọn títí a kò fi mọ ọ̀kan yàtọ̀ sí èkejì, kò lè fún ẹnikẹ́ni ní irú ìwà bẹ́ẹ̀.

Kí ni ọ̀dà olómi wá ní í ṣe pẹ̀lú èyí? Ẹ jẹ́ ká wọ inú ilé iṣẹ́ ẹnjiníà ní àárín ọ̀rúndún náà. Ẹni tó ń ya ẹ̀rọ yóò kọ́kọ́ fi íǹkì fa ìlà rẹ̀, lẹ́yìn náà yóò bu omi, yóò pò ọ̀dà, yóò sì kun ẹ̀yà kọ̀ọ̀kan gẹ́gẹ́ bí ohun tí wọ́n máa fi ṣe é. Ìlànà wà fún un. Pupa rẹ́súrẹ́sú bí ìyeyè ni idẹ. Búlúù Prussia tí wọ́n là lómi ni irin tí wọ́n fi òòlù lù. Eérú ni irin tí wọ́n yọ́ dà, bíríkì sì ní pupa tirẹ̀. Alágbẹ̀dẹ tó gba bébà náà kò nílò kí ẹnikẹ́ni ṣàlàyé. Àwọ̀ ti sọ fún un ibi tó yẹ kó wá irin sí àti ibi tó yẹ kó wá idẹ sí. Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ń ṣe títí ẹ̀dà aláwọ̀ búlúù tí wọ́n ń fi oòrùn yọ fi gbilẹ̀ ní ìparí ọ̀rúndún náà, tí ọ̀dà sì kúrò lórí tábìlì wọn. Agbára tó wà nínú irú bébà bẹ́ẹ̀ kò kéré. Charles Babbage ya ẹ̀rọ ìṣirò rẹ̀ kejì láàárín 1847 sí 1849, kò sì rí i kàn kó tó kú. Ilé ìkóhun-ìṣẹ̀ǹbáyé sáyẹ́ǹsì ní Lọ́ńdọ̀nù gbé àwòrán rẹ̀ kalẹ̀, wọ́n fi ẹ̀yà irin àti idẹ bí 4,000 tò ó, ó sì ṣe ìṣirò láìsí àṣìṣe ní 1991, ọdún tó pé igba tí wọ́n bí i.

Èyí ló jẹ́ kí n sọ pé àwọ̀ olómi ní ojú ewé Alice kì í ṣe aṣọ tó wọ̀ fún ẹ̀rọ rẹ̀. Ẹ wo bí ooru ṣe ń di yíyà. Ooru kò ní ìlà, kò sì ní àwọ̀. Nínú ọ̀dà olómi, funfun bébà ni funfun; ẹni tó fẹ́ kí ooru yọ lẹ́nu ẹ̀rọ gbọ́dọ̀ ti mọ ibi tí yóò gbà kí búrọ́ọ̀ṣì tó rin, kí ó yí ọ̀dà ojú ọ̀run ká ibẹ̀, kí ó sì jẹ́ kí etí rẹ̀ máa rọ wọnú ara wọn nígbà tí bébà ṣì tutù. Ibi tí ọwọ́ kò kàn ni ooru wà. Àṣìṣe kò ṣeé pa rẹ́ níbẹ̀, nítorí náà ohun gbogbo ní láti ti yé ayàwòrán tẹ́lẹ̀: ibi tí omi ti ń hó, ibi tí páìpù gbà, apá ibo ni afẹ́fẹ́ ti ń fẹ́. Ìrìn àjò Claire nínú bàlúùnù fi èyí hàn. Ní 1862, James Glaisher àti Henry Coxwell gun bàlúùnù láti Wolverhampton kọjá 8,800 mítà. Glaisher dákú, òtútù ti pa ọwọ́ Coxwell kú, eyín ló fi fa okùn tó mú wọn sọ̀ kalẹ̀. Ẹni tó bá mọ èyí yóò mọ̀ pé ewu tó dojú kọ Claire kì í ṣe àsọdùn. Bí obìnrin náà ṣe ń gòkè, búlúù ń jinlẹ̀ díẹ̀díẹ̀, ọ̀dà lórí ọ̀dà, bébà funfun ń dínkù, òǹkàwé sì ń rí i pé afẹ́fẹ́ ń tán.

Àwọn kan yóò ní kọ̀ǹpútà lè ṣe gbogbo èyí, kó sì yá jù bẹ́ẹ̀ lọ. Wọn kò parọ́. Bryan Talbot, ará Gẹ̀ẹ́sì tó bẹ̀rẹ̀ Grandville ní 2009, fi kọ̀ǹpútà kun àwọn ẹranko aláṣọ rẹ̀, ìlà rẹ̀ sì lágbára débi pé iṣẹ́ náà dúró gbọn-in. N kò sọ pé ọ̀dà olómi nìkan ni ọ̀nà. Ohun tí mo ń sọ ni pé kọ̀ǹpútà gba ayàwòrán láyè láti sún ìpinnu síwájú. Ó lè lẹ kẹ̀kẹ́ eléyín mẹ́wàá mọ́ ara nǹkan lónìí kó yọ ọ́ lọ́la, kẹ̀kẹ́ náà kò sì ní láti yí ohunkóhun. Àìlera steampunk gan-an nìyí, kẹ̀kẹ́ tí kò yí nǹkan kan. Talbot bọ́ nínú rẹ̀ nítorí pé ó ti fi íǹkì ya ìtàn fún ọ̀pọ̀ ọdún kó tó dé ìdí ẹ̀rọ, bẹ̀rẹ̀ láti Luther Arkwright ní òpin àwọn ọdún 1970.

Àtakò kejì le ju ti àkọ́kọ́ lọ, ọ̀dọ̀ wa ló sì ti ń dunni jù. Kí ló dé tí a ó máa yin ayé ẹ̀rọ olóoru? Ọkọ̀ olóoru ni Bloodhound àti Teazer tí àwọn Gẹ̀ẹ́sì gbé wá yìnbọn lu Èkó ní oṣù Kejìlá 1851, tí wọ́n fi lé Kòsọ́kọ́ kúrò lórí oyè. Ọkọ̀ olóoru Prometheus ló dúró sójú omi ní 1861 nígbà tí wọ́n mú ọba Dòsùnmú fọwọ́ sí ìwé tó sọ ìlú di tiwọn. Ẹni tó bá ya ooru láìya ìbọn ti fi ìdajì òótọ́ pamọ́, ẹ̀bi yìí sì wà lọ́rùn ọ̀pọ̀ ìwé steampunk láìsí àwáwí. Alice kò ya Áfíríkà, ṣùgbọ́n kò sá fún ìbéèrè náà. Láti ìwé àkọ́kọ́ ni ìjọba tó fẹ́ fi ìmọ̀ tuntun gba ilẹ̀ onílẹ̀ ti jẹ́ ọ̀tá nínú ìtàn rẹ̀, nígbà tí ìrìn àjò sì dé Mars nínú àwọn ìwé tó tẹ̀ lé e, ta ló ni ilẹ̀ tó lẹ́ni nínú ti di ọ̀rọ̀ gidi. Àwọn mìíràn ti lọ jìnnà ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ní Amẹ́ríkà, Milton Davis àti Balogun Ojetade kó ìtàn àwọn aláwọ̀ dúdú jọ sínú Steamfunk! ní 2013, Nisi Shawl sì gbé Everfair ka Congo ti Leopold, ọba Belgium, ní 2016. Ìtàn kíkọ ni méjèèjì, kì í ṣe ìtàn aláwòrán.

Nítorí náà, àyè ṣì wà fún ayàwòrán. Nínú ogun 1851 yẹn, Kòsọ́kọ́ ri òpó igi mọ́ ìsàlẹ̀ omi, ó to àgbá sí etí ọ̀sà, Teazer sì gúnlẹ̀ sínú ẹrọ̀fọ̀ lábẹ́ ìbọn rẹ̀ kó tó rí ara rẹ̀ gbà. Ẹni tó bá fẹ́ ya ogun yẹn láti ìhà Èkó yóò ní láti mọ bí ẹ̀rọ ọkọ̀ náà ṣe ń ṣiṣẹ́ dáadáa bí ẹni tó kàn án, kó lè mọ ibi tó ti lè bàjẹ́. Yóò ní láti mọ àgbá tí wọ́n tò sí etí omi náà bákan náà, ohun tí wọ́n fi rọ ọ́, bí wọ́n ṣe ń kì í, àti iye àwọn tó wà nídìí ọ̀kan. Íǹkì fún ìlà, omi fún ọ̀sà àti ooru, búlúù fún irin tí wọ́n lù, eérú fún èyí tí wọ́n dà.