Àkísà Àgbà: Ọ̀rọ̀ Lórí Bíbẹ̀rẹ̀ Iṣẹ́ Olùṣètò Kọ̀ǹpútà

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní bí ọmọdé bá láṣọ bí àgbà, kò lè ní àkísà bí àgbà. Ẹ̀yin òǹkàwé wa lè máa rò ó pé kí ni òwe yìí ń wá nínú iṣẹ́ kọ̀ǹpútà, iṣẹ́ tí gbogbo ènìyàn mọ̀ sí iṣẹ́ ọ̀dọ́. Èsì mi ni pé orí òwe náà gan-an ni iṣẹ́ ọ̀hún dúró lé. Mo fẹ́ ṣàlàyé rẹ̀ níwọ̀n bí mo ti mọ̀ ọ́n.

Kí ni iṣẹ́ olùṣètò kọ̀ǹpútà? Ohun tí a bá pàṣẹ fún kọ̀ǹpútà ni yóò ṣe. Olùṣètò ni ó ń kọ àṣẹ wọ̀nyí ní ìlà-ìlà, ní èdè tí ẹ̀rọ náà gbọ́. Àwọn ìlà náà ni a ń pè ní kóòdù. Ẹni tí ó bá ti kọ́ èdè náà dáadáa, yálà ní Yunifásítì Ìmọ̀ Ẹ̀rọ tí ìjọba àpapọ̀ dá sílẹ̀ ní Àkúrẹ́ ní 1981, tàbí fúnra rẹ̀ nínú yàrá, ti láṣọ. Ṣùgbọ́n bí ó bá dé ibi iṣẹ́, kóòdù tí àwọn mìíràn ti ń kọ láti ọdún pípẹ́ ni yóò bá níbẹ̀. Èyí ni àkísà.

Ní ìlú Oǹdó tí a ti tọ́ mi dàgbà, ọmọ tí ó bá lọ kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ télọ̀ kì í fọwọ́ kan àlùmọ́gàjí lọ́jọ́ kìíní. Yóò gbálẹ̀, yóò lọ aṣọ, yóò sì tú aṣọ tí a fẹ́ tún rán. Níbi tí ó ti ń tú u ni yóò ti rí bí ọ̀gá ti rán an. Nígbà tí mo gba iṣẹ́ ní Àkúrẹ́, bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni ó rí. Kíkà ni mo ń ka kóòdù àwọn tí ó ṣáájú mi fún ọ̀sẹ̀ méjì.

Ètò tí a ń bójú tó níbẹ̀ wà fún àkọsílẹ̀ owó ilé-ìwé. Mo rí ìlà mẹ́rin kan tí ó ń tún orúkọ akẹ́kọ̀ọ́ tò kí ó tó fi wé orúkọ tí ó wà lórí owó tí a san. Lójú mi, iṣẹ́ asán ni. Ṣùgbọ́n abéèrè kì í ṣìnà. Mo ní, “Ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀ọ́, kí ni ìlà wọ̀nyí wà fún?” Ẹ̀gbọ́n rẹ́rìn-ín, wọ́n tẹ orúkọ kan, Adébọ́lá, lẹ́ẹ̀mejì. Ojú mi kò rí ìyàtọ̀ kankan, ṣùgbọ́n ẹ̀rọ ní wọn kì í ṣe ọ̀kan náà.

Ìdí rẹ̀ nìyí. Unicode, ètò tí a fi ń fún lẹ́tà gbogbo èdè ní nọ́ńbà láti 1991, ní nọ́ńbà kan fún “ọ”, ó sì ní òmíràn fún “ó”, ṣùgbọ́n kò ní ẹyọ nọ́ńbà kan fún “ọ́”. Ẹnìkan lè tẹ “ọ” kí ó fi àmì ohùn lé e. Ẹlòmíràn lè tẹ “ó” kí ó fi àmì sí i nísàlẹ̀. Nọ́ńbà wọn kò bára mu. Ìlà mẹ́rin náà ni ó ń sọ wọ́n di ọ̀kan. Bí a bá pa wọ́n rẹ́, ọmọ tí òbí rẹ̀ ti ta kòkó san owó rẹ̀ ni kọ̀ǹpútà yóò pè ní ajigbèsè, wọ́n sì lè lé e jáde ní gbọ̀ngàn ìdánwò. Ohun tí àgbà fi ń jẹ ẹ̀kọ, abẹ́ ewé ni ó wà.

Àwọn ọ̀mọ̀wé òkè òkun náà ti kíyè sí ọ̀rọ̀ yìí. Fred Brooks, ará Amẹ́ríkà, kọ ọ́ ní 1975 pé bí ètò kan bá ti pẹ́ ju àkókò rẹ̀ lọ, fífi òṣìṣẹ́ kún un yóò tún mú un pẹ́ sí i, nítorí àwọn tí ó mọ iṣẹ́ ni yóò dúró kọ́ àwọn àlejò. Peter Naur, ará Denmark, sọ ní 1985 pé òye ètò kan ń bẹ lọ́kàn àwọn tí ó ṣe é ju inú kóòdù lọ. Bí wọ́n bá túká, ètò náà kú.

Kí ni kí ẹni tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé wá ṣe? Èkíní, kí ó kà kí ó tó kọ. Git, irinṣẹ́ tí Linus Torvalds ṣe ní 2005, yóò fi ẹni tí ó kọ ìlà kọ̀ọ̀kan hàn án, àti ọjọ́ tí ó kọ ọ́. Èkejì, kí ó béèrè, kí ó sì kọ ìdáhùn sílẹ̀ fún ẹni tí ń bọ̀ lẹ́yìn. Ẹ̀kẹta, kí ó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú iṣẹ́ kékeré, kí ó jẹ́ kí ẹlòmíràn yẹ̀ ẹ́ wò, kí ó má sì fi ojúlówó àkọsílẹ̀ ènìyàn dánra wò; ẹ̀dà ni kí ó lò.

Ọ̀rọ̀ kàn ẹ̀yin ọ̀gá pẹ̀lú. Ọ̀gá tí ó bá fi ìmọ̀ pamọ́ fún ọmọ iṣẹ́, iṣẹ́ ara rẹ̀ ni ó ń pa. Ẹ̀yin tí ẹ sì ń kọ́ èdè Yorùbá, ẹ má ṣe rò pé kò sí àyè fún yín níbẹ̀. Àmì ohùn tí àwọn kan ń fojú tín-ín-rín, òun ni ó fẹ́ sọ ẹni tí ó sanwó di ajigbèsè. Ẹni tí ó mọ iṣẹ́ àmì náà ni a ń wá.